Kì Í Ṣe Gíàbọ́ọ̀sì

Ní ọgọ́rin kìlómítà, lójú ọ̀nà tó gún bí okùn tí a fà le,
ọkọ̀ akẹ́rù bàbá mi á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiyèméjì.
Á wọ jíà, á bọ́. Á tún wọ̀ ọ́, á tún bọ́,
bí ọkùnrin tó wá tọrọ àforíjì lẹ́nu ọ̀nà àna rẹ̀,
tó kanlẹ̀kùn, tó sá, tó tún padà wá kàn án.
Mo pa rédíò. Mo di sítíárì mú.
Oko àlìkámà Saskatchewan nà lọ lápá ọ̀tún, ó nà lọ lápá òsì,
gbogbo rẹ̀ wà lábẹ́ yìnyín, kò sẹ́ni tí mo lè bi.

Garth Friesen ní gárééjì ìlú kò ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì.
Ó gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan, ó dá a:
"Gíàbọ́ọ̀sì ti kú. Ẹgbẹ̀rún mẹ́fà dọ́là.
Tàbí kí o ta ọkọ̀ náà fún onírin àlòkù."
Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́,
àmọ́ nígbà tí ẹni tó mú àdá bá wọ aṣọ iṣẹ́ tó mọ́,
ọrùn ẹni a máa fẹ́ tẹ̀ fúnra rẹ̀.

Odelia Wiebe ló ní kí n má tẹ̀ ẹ́.
Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin,
ó fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n wa bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ ilé ìwé.
Ó dé pẹ̀lú tíì nínú fúláàsì, ìbọ̀wọ́ tó ti gé ọmọ ìka rẹ̀ kúrò.
"Jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná. Má pa á."
Ó fa ọ̀pá ìwọn-ọ́ìlì yọ, ó nù ún mọ́ itan,
ó tì í padà, ó tún fà á yọ, ó gbé e sí imú.
Pupa ni, bí omi ìṣápá.
Kò rùn bí iṣu tó jóná mọ́ ìdí ìkòkò.
"Ẹni tí kò rùn bí òkú," ó ní, "ẹ má tíì gbẹ́ ilẹ̀ dè é."

A dùbúlẹ̀ lórí páálí, a tú àwo abẹ́ rẹ̀,
ọ́ìlì ṣàn wọ apá mi dé abíyá.
Lára mágínẹ́ẹ̀tì: lẹ́búlẹ́bú dúdú, kíkúnná bí tìróò.
Kò sí ẹ̀rún irin.
"Ọjọ́ orí lásán nìyẹn. Èmi náà ní i."

Nígbà tí a ti rọ ọ́ìlì tuntun, ó jókòó tì mí lójú ọ̀nà.
Ó ní kí n fi ẹsẹ̀ òsì kan bíréèkì, fẹ́ẹ́rẹ́,
bí ẹni ń fọwọ́ kan ọmọ tó sùn,
kí ẹsẹ̀ ọ̀tún má kúrò níbi tó wà.
Ìwárìrì náà dáwọ́ dúró.
Mo gbé ẹsẹ̀; ó tún bẹ̀rẹ̀.
"Jíà kọ́. Ìdè tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ gíàbọ́ọ̀sì
ni ẹnì kan ń sọ fún pé: dì, tú, dì, tú.
Ta ló ń purọ́ fún un?
Kí lẹ pààrọ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀?"

Mo dákẹ́.
Alitanétọ̀ ni. Bàbá mi ló fọwọ́ ara rẹ̀ dè é
ní oṣù kẹwàá, ọjà ọ̀pọ̀, ọwọ́ tó ti ń gbọ̀n.
Iṣẹ́ tó ṣe kẹ́yìn. Èmi ni mo di tọ́ọ̀ṣì mú.

Odelia tú wáyà rẹ̀, ó fi téèpù dúdú wé e lórí.
Bátìrì nìkan ló gbé wa lọ.
Ọgọ́rin. Márùndínláàádọ́rùn-ún. Àádọ́rùn-ún.
Ọkọ̀ wọ jíà, ó jókòó sínú rẹ̀ bí arúgbó sínú àga tirẹ̀.
Iná tó yẹ kó máa lọ tààrà ló ti ń gbọ̀n rìrì wọ wáyà,
ó ń sọ̀rọ̀ wérewère sétí kọ̀ǹpútà kékeré,
wọ́n sì ń pe gíàbọ́ọ̀sì ní òkú.

Ó yẹ kí n yọ̀. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ni mo ń wò.
Odelia da tíì sínú ìdérí fúláàsì fún mi.
"Ó dè é dáadáa," ó sọ nígbà tó yá.
"Bóòtù kan kò tú. Ohun tí wọ́n tà fún un ni kò dáa."

Alitanétọ̀ tuntun gba igba dọ́là ó lé mẹ́wàá.
Ti bàbá mi wà lórí pákó nínú ṣẹ́ẹ̀dì,
n kò mọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe.
Ẹ̀rọ amóoru ọkọ̀ náà kò ṣiṣẹ́ síbẹ̀,
sípánà mẹ́wàá Odelia sì wà lábẹ́ yìnyín níbì kan.
Ó ń pè mí nípa rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Àìkú.