Ọsàn Baba Mi ní Vom

Ẹni tó bá ní Àríwá kò mọ̀ ju ooru lọ,
ẹ ní kó wá sùn ní Vom lóṣù Ṣẹ́rẹ́,
kó gbé abọ́ omi adìẹ síta lálẹ́,
kó fi ìka kàn án bí ilẹ̀ bá mọ́.
Yóò rí i pé omi náà ti wọ aṣọ,
aṣọ fẹ́lẹ́, bí awọ ojú ògì tó tutù.

Ògbómọ̀ṣọ́ ni ọsàn yìí ti wá.
Baba mi, Oyèégòkè, ló gé e lẹ́ka,
ó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wé e bí ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ,
ó gbé e sórí itan nínú ọkọ̀ ojú irin,
ó ń wọ́n omi sí i lójú títí wọ́n fi dé.
Ìyá mi ní òun kò rí irú ìkẹ́ bẹ́ẹ̀ rí,
àní nígbà tí òun wà ní ìyàwó ọ̀ṣìngín.

Gbogbo àdúgbò fi rẹ́rìn-ín,
àfi Da Chuwang, onílẹ̀ wa,
tó wo ẹ̀ka náà títí, tó ní:
"Gòkè, nǹkan yìí kò ní bàtà.
Jẹ́ kí n wá ẹsẹ̀ fún un."
Ó lọ hú ọmọ ọsàn kíkan kan lẹ́yìn kòtò kùsà,
ẹlẹ́gùn-ún, olóríkunkun, tí ọyẹ́ kò rí gbé ṣe.
Wọ́n là á lórí, wọ́n ki ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ bọ̀ ọ́,
wọ́n fi ọsán so ọsàn mọ́ ọsàn lọ́sàn-án gangan.
Ìdí jẹ́ ti Vom, orí jẹ́ ti ilé wa.
Bí èmi náà ṣe rí nìyẹn.

Ọdún kẹrin, ó so. Mẹ́sàn-án péré.
Baba kà wọ́n láàárọ̀, ó kà wọ́n lálẹ́,
ó tún fi tọ́ọ̀ṣì kà wọ́n.

Baba ti sùn. Iṣẹ́ òru di tèmi.
Mo ń tẹ̀wé ní ilé iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ẹran;
níbẹ̀ ni mo ti tọrọ tẹmómítà kan
(mo ní mo tọrọ, ẹ má bi mí jù bẹ́ẹ̀ lọ).
Mo so ó mọ́ ẹ̀ka tó wálẹ̀ jù.
Láti ìrọ̀lẹ́ ni mo ti ń bomi rin ilẹ̀,
ilẹ̀ tó mu omi yó ní í fi ooru àná pamọ́.
Mo wa yẹ̀pẹ̀ bo ìdí rẹ̀ dé ojú àpá ìsopọ̀,
mo fi àpò ìrẹsì wé e, mo ta tapólì lé e,
mo gbé àtùpà sábẹ́ rẹ̀ bí ẹni ń ṣọ́ abiyamọ.
Ọsàn ń sunkún ọ̀sán láàárín òru.
Mo ní: fara dà á, ọ̀sán ń bọ̀.

Lọ́dún tó kọjá, ibà dá mi dùbúlẹ̀.
Alẹ́ kan péré.
Ojú ọ̀run mọ́ roro, atẹ́gùn kò fẹ́,
ìràwọ̀ sún mọ́lẹ̀ bí ẹni fẹ́ já nǹkan.
Ẹlọ́sàn mọ irú alẹ́ bẹ́ẹ̀, kì í fẹ́ ẹwà rẹ̀.
Nígbà tilẹ̀ mọ́, ewé rọ jọwọlọ bí ẹ̀fọ́ tí wọ́n bọ̀ gbàgbé.
Mo la èso kan: inú rẹ̀ ti di kànrìnkàn.

"Má gé e o," Kaneng ọmọ Da Chuwang wí.
"Igi kì í yára jẹ́wọ́ ikú. Dúró de òjò."
Mo dúró. Òjò kejì, nǹkan yọ nídìí rẹ̀,
ẹ̀gún ló kọ́kọ́ ki mí.
Ẹsẹ̀ Da Chuwang ni, kì í ṣe orí Baba mi.

Mo mú àdá. Mo gbé e kalẹ̀.
Mo tún mú un.

Kaneng rẹ́rìn-ín, ó ní kí n ká lọ.
Lẹ́yìn ilé wọn, lára gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ní ìdí àpáta
(òtútù bí omi ni, ìsàlẹ̀ ló ń ṣàn sí,
àpáta a sì máa gbé oòrùn sùn),
ọsàn wa dúró, ó ga, ó so wọ̀ǹtì-wọnti.
"Baba mi gé e lára tiyín," ó ní,
"ó tọrọ rẹ̀ bí o ṣe tọrọ tẹmómítà."

A tún ti so wọ́n pọ̀. N kò ì mọ̀ bóyá yóò mú.
Oṣù Ṣẹ́rẹ́ ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.
Mo ti ra karosíìnì.