Wákàtí Méjì Ó Dín Díẹ̀

Mo tẹ́ máàpù ilé-ìwé ọmọ àbúrò mi sórí bẹ́ǹṣì èbúté,
mo fi òkúta mẹ́rin tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ nítorí atẹ́gùn ọ̀sà.
Lísíbọ̀n rèé, etí omi.
Basẹlónà rèé, etí omi náà ni.
Ọmọ mi obìnrin wà níhìn-ín, ọmọ mi ọkùnrin wà lọ́hùn-ún,
àtàǹpàkò mi nìkan ló wà láàárín wọn.

Mo bi Rìdíwánù tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì fún wa:
"Báwo ni wọ́n ṣe jìnnà síra tó?"
Ó tẹ fóònù rẹ̀ títí.
Ó ní ẹgbẹ̀rún kìlómítà, bí kò bá lé díẹ̀;
ó ní bàálù a máa fò ó ní wákàtí méjì ó dín díẹ̀.
Wákàtí méjì kẹ̀?
Ẹ́ńjìnnì mi àtijọ́, nígbà tí koríko omi bá lọ́ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀,
ó lò ju bẹ́ẹ̀ lọ láti Èjìnrìn dé Ẹ̀pẹ́
lọ́jọ́ tí ìyá wọn jókòó síwájú ọkọ̀, tó di igi mú,
tí Múnírátù ń kanlẹ̀kùn nínú rẹ̀.

Owó bàálù ọ̀hún ńkọ́? Ó dárúkọ iye.
Mo fi kẹ́ẹ̀gì epo ṣírò rẹ̀: kò pé mẹ́ta.

Ọdún mẹ́rin rèé.
Bí Múnírátù bá pè, a bèèrè ẹ̀jẹ̀ ríru mi,
a bèèrè bóyá ọ̀bọ̀kún ṣì ń wọ àwọ̀n.
Kì í dárúkọ Tìjání.
Tìjání a ní, "Ẹni yẹn ńkọ́?"
bí ẹni ń bèèrè ọ̀nà lọ́wọ́ àlejò.

Táìsì ojú oórì ìyá wọn ló fà á.
Eléyìí ní òun fowó ránṣẹ́, tọ̀hún ní òun náà fi ránṣẹ́,
búríkìlà ní owó ẹnì kan ṣoṣo ló kan òun lọ́wọ́.
Ni wọ́n bá ń pe ara wọn lólè láti etí omi dé etí omi,
èmi ń sọ pé ẹ ṣe sùúrù,
ẹ ṣe sùúrù.

Ẹ jẹ́ kí n tún un wọ̀n.
Okùn àwọ̀n láti ìlú kan dé èkejì
kò tó ọmọ-ìka mi tó kéré jù.
Mo fà á láti ọ̀dọ̀ àwọn méjèèjì wá sílé.
Ẹ̀pẹ́ ò sí nínú máàpù náà, Èkó ni mo fi ṣe àmì;
okùn gba orí aṣálẹ̀ kọjá,
ó wá pàdé lábẹ́ èékánná mi.

"Bàbá Tìjání, ọkọ̀ ti kún o!"
Mo ká máàpù. Mo bọ́ sómi dé orúnkún.
Àwọn èrò fẹ́ràn ẹ́ńjìnnì tuntun yìí:
fífà kan, ó ti dáhùn.
Kò sẹ́ni tó bèèrè ọdún tí mo rà á.