Ọ̀nà Ìdànrè

Ṣéènì mi bọ́ níbi tí òkè ti ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀.
Ọmọ́boríowó kò bojú wẹ̀yìn;
aṣọ pupa rẹ̀ ń kéré lọ
bí ata láàrin ewé.

Ìyá kan tó ń sá kòkó létí títì béèrè
ṣé a ò rówó ọkọ̀ ni.
Mo ní a rí i.
Ó wo kẹ̀kẹ́, ó wo òkè,
ó wo ọwọ́ mi tó kún fún gírísì,
ó bu omi fún mi.

Lẹ́yìn Àládé, adágún.
Òkè tí mo fi orúnkún bẹ̀ láàárọ̀
ti dùbúlẹ̀ sínú omi,
ó tẹ́ bí ẹní.
Ẹja kan fò kọjá lórí ṣóńṣó rẹ̀,
kò tilẹ̀ mí hẹlẹhẹlẹ.