Pẹpẹ Ìsàlẹ̀

Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni mo ń wa ọkọ̀ ìwé
gba ọ̀nà igbó ní àríwá Fínlándì,
yìnyín lápá ọ̀tún, yìnyín lápá òsì,
ìwé ń mì jìgìjìgì lẹ́yìn mi
bí eyín lẹ́nu arúgbó.

Ìwé àgbà wà lókè, níbi tí ojú dé.
Tọmọdé wà nísàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ amúlégbóná,
níbi tí bàtà ti ń ro omi sílẹ̀.
Èmi kọ́ ni mo tò ó bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mo bá a.

Pirkko, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì,
a máa ṣí ìwé ọmọdé bí ẹni ń wá egungun nínú ẹja.
"Ajá kú lójú ewé kọkànlá. Mú un kúrò."
Kì í ṣe èèyàn burúkú; òun ló kọ́ mi ní ábídí.
Ó kàn fẹ́ kí ìgbà èwe dà bí yàrá àlejò:
ká gbá a, ká tì í, kí ẹnikẹ́ni má wọ̀ ọ́.

Pihla, ọmọ ọdún méje, dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń fi ìbọ̀wọ́ nu imú.
Oṣù tó kọjá, òun àti bàbá rẹ̀
fi àáké gé ilẹ̀ tó dì bí òkúta
kí wọ́n tó ríbi sin ajá wọn.
Ó bi mí wúyẹ́wúyẹ́:
"Ìwé yẹn, ṣé ó sọ bí ilẹ̀ ṣe le tó?"
Mo ní rárá.
"A jẹ́ pé ẹni tó kọ ọ́ ò tíì sin ajá rí."

Mo yọ ìwé náà. Abẹ́ ìjókòó mi ni mo fi sí.

Urpo a máa dé nígbà tí gbogbo wọn bá lọ tán.
Agégi ni, ìka rẹ̀ méjì ti bá ayùn lọ.
"Ọmọ-ọmọ mi ló rán mi," á wí, kó tó kúnlẹ̀.
Ọmọ-ọmọ rẹ̀ ti di sójà ní Oulu, ó ti hu irùngbọ̀n.
Mo mọ̀. Urpo mọ̀ pé mo mọ̀.
Mo kọ orúkọ ọmọ náà sílẹ̀, mo lu òǹtẹ̀.

Wọ́n ní ohun tí àgbà jókòó rí,
bí ọmọdé gungi, kò ní rí i.
Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀.
Nínú ọkọ̀ tèmi, orí ìkúnlẹ̀ la ti ń rí i,
eékún á sì ké kó tó kanlẹ̀.

Mo fún un ní ìwé abẹ́ ìjókòó.
Ó dá a padà lọ́sẹ̀ kejì, ó wo fèrèsé, ó dákẹ́ díẹ̀.
Ó ní ọmọ-ọmọ òun ń béèrè
bóyá apá kejì wà,
bóyá wọ́n rí ajá mìíràn.