Oríkèé

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní kí n lọ yan áàpù.
"Ìwọ lo kàwé," ni Ọ̀gbẹ́ni Ayédọgbọ́n wí,
bí ẹni pé ìwé tí mo kà ní Kàbbà
ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń wọn kajú.

Mọ́kànlá ni mo kó sórí fóònù kan ṣoṣo
tí bátìrì rẹ̀ kì í bá ni dé ọ̀sán.
Gbogbo wọn ló rẹwà, gbogbo wọn ló ń rẹ́rìn-ín músẹ́
bí àfẹ́sọ́nà tó kọ́kọ́ wá rí àna.
Mo jókòó lẹ́yìn àká ẹgbẹ́ ní Ìsánlú,
mo ní: èwo nínú yín ni mo lè mú dé ìdí òṣùwọ̀n
kí ojú má tì mí?

Mo pa nẹ́tíwọ̀kì. Márùn-ún kú lẹ́sẹ̀kan náà.
Mo pa wọ́n rẹ́, n ò sunkún wọn.
Nẹ́tíwọ̀kì tiwa níbí, àlejò ni:
kí ẹ tó gbé àga fún un, ó ti lọ.

Ọ̀kan ń bèèrè ímeèlì kó tó ṣílẹ̀kùn.
Ímeèlì ta ni? Ti Màmá Tọlọ́runjù,
tó jẹ́ pé bí ẹ bá bi í ní ọjọ́ orí,
á ní, "Ọdún tí eéṣú jẹ àgbàdo tán"?
Òun náà, ó dàárọ̀.
Ọ̀kan tún wà, lábẹ́ oòrùn Èrèlé
gbogbo lẹ́tà rẹ̀ pòórá bí ìrì.

Ọ̀kan fi iye owó ṣáájú ìwọ̀n.
Ta ní ń ná ọjà tí wọn ò tíì sọ̀ kalẹ̀?
Níhìn-ín, a ó kí ara wa ní "ọ̀kun" ná,
a ó tú àpò, a ó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ dé ìsàlẹ̀
kí òkúta tí wọ́n fi pamọ́ lè jẹ́wọ́,
a ó ṣa èyí tó ti jẹrà kúrò,
ká tó gbé e kọ́.
Áàpù tí kò mọ ìyẹn, kò wá bá wa ṣiṣẹ́,
ó wá kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́ ni.

Ó ku mẹ́ta.
Ó ku mẹ́rin, bí mo bá ka ìwé Bàbá Ọlọ́runnípa mọ́ ọn,
ìwé ńlá ẹlẹ́yìn pupa tó fi sílẹ̀ fún wa kó tó kú.
Kí ló dé tí n ò ní dán òun náà wò?
Kì í bèèrè iná. Ṣíṣí kan, ó ti ṣí.
Ó mọ onígbèsè, ó fi pẹ́ńsù fa ilà sábẹ́ orúkọ wọn.
Ṣùgbọ́n eku ti jẹ odindi oṣù Ẹrẹ́nà,
àròpọ̀ ojú-ìwé kọkàndínlógún kò sì bá ti ogún mu.
Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. N ò ṣojúsàájú òkú.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta mo gbé fóònù lé Màmá Tọlọ́runjù lọ́wọ́.
N ò sọ nǹkan kan.
Ibẹ̀ ló le jù nínú iṣẹ́ yìí:
kéèyàn di ọwọ́ ara rẹ̀ mú
kó máa wo àtàǹpàkò ẹlòmíràn bó ṣe ń ṣìnà.
Ó tẹ̀ ẹ́. Kò dáhùn. Ó tún tẹ̀ ẹ́.
Omi èèpo kajú ti bó àtàǹpàkò náà láti ọdún gbọọrọ,
ó ti dúdú, ó ti dán bí igi ọkọ́,
fóònù kò mọ̀ pé èèyàn ló ń fọwọ́ kàn án.
Èyí kò sí nínú àwọn ìbéèrè mi.

Ó ká ìka, ó fi oríkèé kàn án bí ẹni ń kanlẹ̀kùn.
Ó ṣí.
"Ẹ̀n-ẹ́n," ó ní, "bí mo bá wá ṣì í tẹ̀ ńkọ́,
ibo ni wọ́n ti ń padà?"

Mo wá a nínú èkínní, n ò rí i.
Mo wá a nínú èkejì.
Nínú ẹ̀kẹta, tí ó burẹ́wà jù láàárín wọn,
ọfà kékeré kan wà nísàlẹ̀, ó wọ́ sápá kan,
èmi tí mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé àbùkù ni.

Mo ṣí ìwé Bàbá Ọlọ́runnípa sí ojú-ìwé òfìfo,
mo kọ ọjọ́,
mo kọ: oríkèé.