Yí Imú Rẹ̀ sí Iná

Oṣù Kẹwàá ni bàbá mi máa ń ṣe é,
nígbà tí àgùntàn bá ti sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè.
Á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì Mọ́rísì aláwọ̀ ewé,
á tú nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo,
á yí imú fíltà kúrò lójú afẹ́fẹ́,
á kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ irin ẹ̀sọ́ọ̀sì tó ń gbóná.
"Ó parí." Á fi àkísà nuwọ́.
Oṣù Kẹrin, á tún yí i padà.
Mo rò pé àṣà arúgbó lásán ni.

Lọ́dún yìí, Ifor Prydderch wà nílé ìtọ́jú ní Dolgellau,
orúkọ àbúrò rẹ̀ tó ti kú ló fi ń pè mí.
Ó di ọwọ́ mi mú:
"Ṣé o ti yí imú rẹ̀ sí iná?"
Imú ta ni, Bàbá?
"Imú rẹ̀. Sí iná."
Nọ́ọ̀sì ni mí, mo mọ bí a ti í dá irú wọn lóhùn.
Mo ní, bẹ́ẹ̀ ni, mo ti yí i.
Irọ́ ni mo pa.

Bwlch Oerddrws: Ilẹ̀kùn Òtútù ni ìtumọ̀ rẹ̀ lédè wa.
Aago méje òwúrọ̀, kùrukùru bolẹ̀,
kì í ṣe òtútù tó ń pani,
òtútù tó tutù rinrin ni, tí í wọ ẹ̀wù ẹni láìkanlẹ̀kùn.
Mo ń lọ wẹ egbò fún ìyá kan ní Dinas Mawddwy.
Mọ́rísì húkọ́.
Ó tún húkọ́.
Mo tẹ̀ ẹ́, kò gbọ́,
ó ń mí hẹlẹhẹlẹ,
ó kú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri olókùúta,
níwájú àgùntàn méjì tí kò tilẹ̀ gbójú sókè.

Ẹlẹ́ẹ̀kẹta nìyí.
Lákọ̀ọ́kọ́, Dilwyn ní epo ló dọ̀tí, ó fọ táǹkì.
Lẹ́ẹ̀kejì, ó ní púlọ́ọ̀gì ni, ó pààrọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó gbowó.
Kó tó dé bá mi, ọkọ̀ á ti jí,
bí ọmọ tí ara rẹ̀ yá gágá
gbàrà tí wọ́n gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà.
Lọ́tẹ̀ yìí n kò pe ẹnikẹ́ni.
Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì lójú ẹsẹ̀.

Ooru gbá mi lójú. Ẹ̀ńjìnì náà lè dín ẹyin.
Àmọ́ ọ̀fun kabúrétọ̀, ẹ wò ó,
ó funfun.
Mo tú fíltà, mo ti ìka bọ̀ ọ́:
yìnyín. Yìnyín gidi,
àtẹ́lẹwọ́ kan péré ló wà láàárín òun àti iná.
Kí n tó dárúkọ rẹ̀ tán, ó ti ń yọ́,
ẹlẹ́rìí ti ń sá lọ.

Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń fi spírítì nu apá èèyàn
kí n tó gún wọn lábẹ́rẹ́,
tí wọ́n ń ké pé ó tutù.
Spírítì kò tutù nínú ìgò.
Fífò ló ń fò lọ,
ohun tó bá sì ń fò lọ a máa jí ooru ibi tó bà lé gbé.
Bẹ́ẹ̀ ni bẹntiróòlù ṣe ń fò lọ nínú ọ̀fun yẹn,
ó ń jí ooru irin,
ìrì inú afẹ́fẹ́ ń dì mọ́ ògiri,
ọ̀nà há, ọ̀nà há, títí èémí fi tán.
Iná ń jó ní yàrá,
òtútù pa adènà.

Wọ́n ní bí ọ̀rọ̀ àgbà kò bá ṣẹ láàárọ̀, a ṣẹ lálẹ́.
Ti bàbá mi kò dúró dalẹ́.

Sípánà rẹ̀ ṣì wà lábẹ́ ìjókòó,
nínú ìbọ̀sẹ̀ tó fi wé e.
Mo yí imú.
Ìyá Mawddwy retí mi títí, tíì rẹ̀ tutù, ó bínú.

Nírọ̀lẹ́ mo lọ bá a.
"Bàbá, mo ti yí imú rẹ̀ sí iná."
Ó wò mí. Ó wo ọwọ́ mi tó dúdú fún gíríìsì.
"Imú ta ni?"
Ó ní kí n lọ fọwọ́
kí n tó fọwọ́ kan búrẹ́dì.