Abẹ́rẹ́ Tí Kò Ní Òwú

Ọmọbìnrin Àjàṣẹ́ náà ní kí n má ki òwú bọ abẹ́rẹ́.
"Bàbá Lálèyè, ìró rẹ̀ nìkan la fẹ́.
Ẹ ṣáà máa tẹ̀ ẹ́. Ẹ má dúró
títí ẹni ìkẹyìn yóò fi kọjá."
Báyìí ni wọ́n ṣe gbé máṣíìnì mi jáde ní ṣọ́ọ̀bù,
wọ́n gbé e sí etí yàrà, lẹ́yìn Àkàbà Ìdènà,
wọ́n fi àtùpà kan kọ́ sókè orí mi,
wọ́n fún mi ní aṣọ funfun ọ̀pá mẹ́ta,
wọ́n ní mo ti di òṣèré.

Èmi tí n kò jó níbi ìgbéyàwó ara mi!

N kò rí eré náà. Etí ni mo fi wò ó.
Ẹnu ibodè ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀:
ilẹ̀kùn ń ké, ẹnìkan ń pariwo,
"Níbo lo ti ń bọ̀? Na ọwọ́ rẹ kí n rí i!"
Àwọn òǹwòran rẹ́rìn-ín.
Nígbà tó yá wọn ò rẹ́rìn-ín mọ́.
Okùn pupa wà lọ́rùn ọwọ́ ọkọ, kò sí lọ́wọ́ ìyàwó.
Ọkọ gba apá ọ̀tún. Ìyàwó dúró.

Wọn ò dárúkọ ilẹ̀-gbígbóná.
Àwọn ọmọdé kan ń gbọn yangan nínú igbá,
ṣẹ̀ẹ̀, ṣẹ̀ẹ̀,
obìnrin kan sì ń bẹ Olóde
bí ẹni ń bẹ àlejò tó ti jókòó tán sórí ibùsùn.
Mo wo aṣọ tó ń gba abẹ́ abẹ́rẹ́ mi kọjá:
ihò, ihò, ihò,
ojú ìyá tó bí ìyá mi.

Fèrè Ìbíkúnlé ló tẹ̀lé e,
orin ológun tó ti òkè òkun dé.
Ó fọn ọ́n, ó fọn ọ́n, ó húkọ́ sínú fèrè.
Gbogbo fànfáà bá a húkọ́.
Mo mọ̀ pé eré ni,
síbẹ̀ mo fi apá bo imú.
Onígbáméjì kọjá pẹ̀lú ìró korobá òfìfo,
mo sì ń tẹ̀ ẹ́.

Lẹ́yìn náà wọ́n dé ọ̀dọ̀ mi.
Kòrónà ni mo jẹ́ nínú eré náà:
máṣíìnì, àtùpà, àgbà ọkùnrin kan.
Lọ́dún náà lóòótọ́
mo fi àjẹkù àǹkárá rán masíkì títí ìka mi fi wú.
Owó wọlé. N kò ní purọ́, owó wọlé,
òun ni páànù tó wà lórí ilé mi.
Ọdún náà kan náà ni Ògúnríndé ẹ̀gbọ́n mi kú ní Ìmẹ̀kọ.
Ìmẹ̀kọ! Ibi tí à ń gun kẹ̀kẹ́ lọ jẹ iṣu tuntun.
Aṣọ́bodè ti na igi dábùú ọ̀nà.
Abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ adẹ́tẹ̀, ó di ète:
mo rán aṣọ ìsìnkú lóru,
mo fi lé oní-sẹ̀míjàn kan lọ́wọ́, ẹni tó mọ ọ̀nà igbó.
N kò mọ̀ bó ṣe ṣe é lára.
Ìwọ̀n rẹ̀ tó wà lọ́wọ́ mi
jẹ́ ti ọdún tí a sin bàbá wa,
ó sì ti sanra díẹ̀ láti ìgbà náà.

Ọmọdébìnrin kan tó so okùn pupa sún mọ́ mi,
ó wo abẹ́rẹ́, ó wo aṣọ.
"Bàbá, kò sí òwú níbẹ̀."

Mo gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí máṣíìnì.
Gbogbo ibodè dákẹ́.
Mo fa òwú yọ nínú àpò, mo lá ṣónṣó rẹ̀,
ọwọ́ mi gbọ̀n, ojú mi kò rí ihò.
Ọmọ náà gbà á lọ́wọ́ mi,
ó ki í bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ní alẹ́ kejì, ọmọbìnrin Àjàṣẹ́ ní kí n yọ òwú náà.
Mo yọ ọ́.
Ó ṣì wà lápò mi.